Fóònù Mi Kún

Fóònù mi kún. Ó ní òun ò gba nǹkan kan mọ́.
Oníbàárà kan láti Parakú ń retí àwòrán táyà tí mo fẹ́ tà fún un;
mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó kọ̀.
Mo ní, ta ló di ẹrù tó tó báyìí lé e lórí?
Àwẹ̀ró wolẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha iyẹ̀pẹ̀.
"Iṣẹ́ Mùsíè Ṣàbí ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́."

Mùsíè Ṣàbí ló ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì
nílé ìwé abẹ́ òkè, níbi tí àpáta ti ń gbóná títí di alẹ́.
Lọ́tẹ̀ yìí, kò fún wọn ní nǹkan kan há sórí.
Ó ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wá a rí,
kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́,
kí ìyá tí kò mọ̀wé lè wò ó, kó sì bá wọn jiyàn.

Ìka mi ti wà lórí àmì ìparẹ́.
Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tí mo fẹ́ pa.

Omi ni. Omi dúdú, ewé mángòrò kan lójú rẹ̀.
Ohùn ọmọ mi wá jáde, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun:
"Ọjọ́ kìíní. Ẹyin rẹ̀ nìyí. Ó kéré sí kóró ata, ó dúdú bíi tìróò."
Ọjọ́ kẹta, tanwíjí.
Àwa tí a tọ́ dàgbà nídìí àmù, ta ni kò mọ tanwíjí?
Ìyá mi a máa fi aṣọ sẹ́ ẹ kúrò ká tó mumi.
Mo rò pé omi ló bí i,
omi náà ni yóò sin ín.
Àfi bó ṣe ń lọ́, tó ń nà, tó ń jà pìtìpìtì,
tó gbé ìdí sókè sójú omi. Ìdí ló fi ń mí!
Mo rẹ́rìn-ín. Mo dá a padà, mo tún un wò.
Ọjọ́ keje, ó ká kò bí ìwọ̀ ẹja, kò jẹun mọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ là,
ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ, òmíràn yọ,
ó dúró lórí awọ rẹ̀ àtijọ́ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi,
ó gbọn ìyẹ́:
yànmùyánmú.

Ẹni tó mú fóònù wá ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.
Mo rí etí dúdú kan tó yí omi náà ká.
Mo rí ọ̀dà funfun tí mo fi kọ iye owó.
Táyà mi ni.
Táyà mọ́kànlélógún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí rélùwéè kì í gbà mọ́,
òjò ti ń rọ sínú wọn láti oṣù Okúdù.
"A kà á," ohùn Ìdòwú nìyẹn, "mẹ́rìndínlógún ló ní tanwíjí."

Ẹfọ̀n inú igbó, ọdẹ ló ń wá a kiri.
Ẹ̀fọn inú táyà, èmi ni mo ń sìn ín.

Lọ́dún tó kọjá, tí ibà dá Bíò dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ,
mo ní oòrùn ni. Mo ní mángòrò dídì ni.
Mo na ọmọ nítorí mángòrò.

Mo sọ èyí fún Àwẹ̀ró. Ó mi orí.
"Mángòrò kọ́, bàbá. Àmọ́ a ò tíì lè sọ pé táyà yín ni.
Irú tó ń gbé ibà máa ń dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú omi,
àwọn tiwa ń doríkodò. Àìsàn mìíràn ni wọ́n ń gbé.
A ṣì ń wá tọ̀hún."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Kò fẹ́ purọ́, kódà láti fi tù mí nínú.

Mo gbé irin gbígbóná, mo dá ihò sídìí táyà ogún.
Omi ṣàn lọ sábẹ́ ojú irin.
Ìkọkànlélógún, ó ní kí n fi sílẹ̀, àwòrán ò tíì tán.
A fi àwọ̀n bò ó, a so ó pinpin.

Oníbàárà Parakú tún pè.
Mo ní kó máa bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wò ó:
fóònù mi kún.